Ohùn Tó Wà Nínú Àpò Kóòtù

Ẹ fún mi láyè kí n pe ara mi ní "ó" nínú ìtàn yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi "mo" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo fa ìwé ya, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá ti kọ "mo", àwáwí ni ọwọ́ mi ń wá kiri. Ó rọrùn láti sọ òtítọ́ nípa ẹni tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ojúẹsẹ̀, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é.

Orúkọ yẹn kò ṣàdédé wá. Orin ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ gìtá ta, kò sì lè kọrin kí ajá àdúgbò má gbó. Àpótí pẹlẹbẹ kan ló ní, èyí tó ní bọ́tìnì mẹ́rìndínlógún lójú. Bó bá gbé máìkì sí ọ lẹ́nu tí o wúkọ́, àpótí á gbé ikọ́ rẹ mì. Bó bá tẹ bọ́tìnì, ikọ́ á jáde. Bó bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ikọ́ á di ìlù. Ó lè gé e wẹ́wẹ́, ó lè fà á gùn, ó lè da ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, kó wá gbé ìró kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn lé e lórí, títí ikọ́ àti kọ́kọ́rọ́ á fi di orin tí èèyàn ń jó sí. Kò sí ohun tó gbé wá láti ilé. Ohun tí gbọ̀ngàn bá fún un lọ́jọ́ náà ló fi ń ṣeré, lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó ń sọ fún aráyé nìyẹn.

Èèyàn méje ni ẹgbẹ́ wọn. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń pàdé, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, láàárín táyà àti ṣéènì. Ojúẹsẹ̀ kì í ṣe àgbà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì dìbò yàn án. Ó kàn fi ara rẹ̀ jẹ adájọ́ àgbà ni. Òun ló kọ òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: ohùn ibí, ohùn ìsinsìnyí, ohùn tí a tọrọ. Òun náà ló dá àṣà kan sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó ṣeré, kó kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀ rẹ́ níṣojú èrò, kó yí ojú àpótí sí wọn, kó sì béèrè pé, "Ṣé ó ṣófo?" Èrò á wò ó dáadáa, wọn á dáhùn pé, "Ó ṣófo." Ìgbà náà ni eré tó lè bẹ̀rẹ̀.

Àṣà tó dára ni. Títí dòní mo fọwọ́ sí i. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì náà ni gbogbo wọn sì ń pè é. Ní Sátidé kan, ó ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, oorun kún ojú rẹ̀, ó gbàgbé ìlù kékeré kan tó ti ṣe sílẹ̀ nílé sí kọ̀rọ̀ kan nínú àpótí rẹ̀ tí bọ́tìnì ìparẹ́ kì í dé. Ìlù ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré. Bó ṣe tẹ bọ́tìnì tí ìlù náà dún, òun fúnra rẹ̀ ló dá eré dúró, tó bẹ̀bẹ̀, tó ní òun ò mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ láàánú lójú, ẹ̀rín lẹ ó rín, ẹ ó ní kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ojúẹsẹ̀ ní tirẹ̀ lọ kọ lẹ́tà olójú ìwé méjì. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dìde láàárín táyà, ó kà á sókè ketekete. Ó sọ nípa ẹ̀tọ́, ó sọ nípa òdodo, ó sọ nípa àwọn tó ń fi ìlù àná tan èrò òní jẹ. Ó ní kí wọ́n dá obìnrin náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò yẹn dùn mọ́ ọn nínú gan-an.

Nọ́ọ̀sì ká wáyà rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í sínú báàgì.

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o ṣe àṣìṣe láé, Ojúẹsẹ̀," ó wí. "Torí kò sẹ́ni tó máa lè gbé lẹ́tà tìẹ."

Ojúẹsẹ̀ rò pé àdúrà ni. Ó ṣe àmín.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ti di ìyá. Ojúẹsẹ̀ ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí, orí rẹ̀ sì ń gbá àtẹ́rígbà ilé, síbẹ̀ Kékeré ni ẹ̀gbọ́n ṣì ń pè é. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Yàrá iwájú ni ibi iṣẹ́ rẹ̀: máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì ìlọṣọ, aago ògiri ńlá kan, àti kọ́tìnì tí wọ́n ta sí kọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọ aṣọ dán wò.

Bí iṣẹ́ bá wọ ẹ̀gbọ́n lára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lórí irin máṣìnì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin kan. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀. Ìyá wọn ló máa ń kọ ọ́ nígbà tó wà lórí àìsàn. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀gbọ́n jókòó kó kọ ọ́ fún yín, kò ní rántí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí rẹ̀.

Ojúẹsẹ̀ ti tọrọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó mú ìró máṣìnì, kó mú ti sísọ́ọ̀sì, kó tilẹ̀ mú ti áyọ́ọ̀nù nígbà tí omi bá kàn án, òun ò ní béèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n orin ìyá àwọn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé lọ sí gbọ̀ngàn.

"Ẹyẹ tó ń bà sójú fèrèsé mi ni," ó wí. "Èmi ò ta àwọ̀n fún un. Ìwọ náà má ta àwọ̀n fún un."

Ojúẹsẹ̀ ní ó ti tán. Òfin kẹta ni: ohùn tí a tọrọ. Ó ti tọrọ, wọn ò fún un. Ó tilẹ̀ lọ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ní Sátidé, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ bí olódodo ṣe ń hùwà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀ láti pàtẹ́wọ́, ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò tíì pé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni gbọ̀ngàn tó tóbi jù nílùú pè é. Ọjọ́ Àìkú kan, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀ọ́dúnrún ìjókòó. Bí eré náà bá dùn, àwọn tó ni gbọ̀ngàn máa gbà á síbẹ̀ fún odidi ọdún kan. Inú rẹ̀ dùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rù dé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún yín nípa eré ojú ẹsẹ̀ ni pé ó lè kú lójú ẹsẹ̀. Oṣù tó ṣáájú, ó ṣeré nínú yàrá ìkàwé kan, ó gbé máìkì kiri fún ìdajì wákàtí, ikọ́ méjì àti ìró bébà súìtì tí ẹnì kan ń tú ni gbogbo ohun tí èrò rí fún un. Àpótí pò wọ́n pọ̀ títí, kò jọ orin. Ọkùnrin kan sùn, ó hanrun. Ìhanrun yẹn ló dùn jù nínú gbogbo eré náà.

Ẹ̀gbọ́n ti ń rán kóòtù tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí Kékeré dúró lẹ́yìn kọ́tìnì títí òun á fi ká etí apá rẹ̀ tán, kó lè wọ̀ ọ́ dán wò. Kékeré dúró. Máṣìnì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Orin dé.

Kò rò ó tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ sọ pé ó ti ń rò ó fún ọdún mẹ́ta. Fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ fi í pa mọ́ ni, kí orin náà má baà parun. Ó ní ìyá òun náà ni, ogún kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ṣe rọ̀ ọ́ lẹ́nu tó nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ìyẹn. Orin náà dùn débi pé omi lé sí i lójú, ó sì fi ọwọ́ kejì nu ún, kí fóònù má baà mì.

Máṣìnì dákẹ́ lójijì.

"Kékeré, kí lò ń fi fóònù ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ìmọ́lẹ̀ fóònù ti hàn lára kọ́tìnì.

"Mò ń wo aago ni," ó dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n ní aago ńlá wà lára ògiri, kó yọjú síta wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lọ.

Nígbà tó wọ kóòtù dán wò, ó ní kí ẹ̀gbọ́n bá òun fi àpò kan sí inú lọ́hùn-ún, lápá òsì, kó tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀gbọ́n béèrè ohun tí yóò fi í ṣe. Ó ní aṣọ ìnujú ni, òógùn máa ń bo òun lórí ìtàgé. Ẹ̀gbọ́n káàánú rẹ̀. Ó fi aṣọ ìtẹ́nú tó nípọn ṣe àpò náà, ó sì rán an ní ìránméjì, kí aṣọ ìnujú ọmọ ìyá rẹ̀ má baà já bọ́ níwájú èrò.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ojúẹsẹ̀ kó tirẹ̀.

Ètò náà kò le. Fóònù á wà nínú àpò inú. Wáyà tín-ín-rín kan á gba inú apá kóòtù jáde sí ọwọ́, á sì wọ ẹ̀yìn àpótí. Bó bá fi ìka tẹ àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fóònù á kọrin. Àpótí á gbé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ mì. Bó bá tún tẹ àyà, fóònù á dákẹ́. Tí èrò bá béèrè bóyá àpótí ṣófo, yóò ṣófo lóòótọ́. Àpò kóòtù ni kò ní ṣófo, kò sì sí òfin àpò kóòtù lára ògiri. Ẹni tó kọ òfin kò ronú nípa olè tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀gbọ́n wà ní ìlà kẹta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wá wo eré rẹ̀. Kékeré kò rò pé yóò wá. Ẹ̀gbọ́n ti ní aṣọ ìgbéyàwó kan wà tí òun gbọ́dọ̀ parí, àfi bó ṣe rí i níbẹ̀ tó ń juwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì náà wà ní ìlà kẹrin. Ní ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá Wáyà jókòó sí nídìí tábìlì bọ́tìnì rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń bójú tó ohùn gbọ̀ngàn náà, kì í sì í sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ kò bá sí.

Ojúẹsẹ̀ yí ojú àpótí sí èrò.

"Ṣé ó ṣófo?"

"Ó ṣófo," ni ọ̀ọ́dúnrún ẹnu dáhùn. Ohùn ẹ̀gbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ó lè yí padà níbẹ̀ yẹn. Ó rí ẹ̀gbọ́n, ó mọ ohun tó wà ní àyà òun. Kò sí ẹni tó dè é lókùn. Ṣùgbọ́n ó rántí ìhanrun yàrá ìkàwé.

Ó gbé máìkì lọ bá ìyá àgbàlagbà kan ní ìlà iwájú, ó bẹ̀ ẹ́ kó fi imú kọ ohunkóhun tó bá wù ú. Ìyá náà tijú, ó kọ ìwọ̀nba díẹ̀. Ojúẹsẹ̀ dìjú bí ẹni tí ẹ̀mí gbé, ó padà sórí ìtàgé, ó tẹ àyà rẹ̀.

Orin ìyá rẹ̀ bo gbọ̀ngàn.

Mi ò lè parọ́ síwájú sí i: ó dùn. Ó gbé e sórí ara rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, ó fa ọ̀kan gùn, ó gé ọ̀kan kúrú. Àwọn èèyàn ń sunkún. Ìyá àgbàlagbà iwájú ń fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó gbà gbọ́ pé ohùn òun ni, pé òun ò mọ̀ pé òun dára tó báyìí. Ojúẹsẹ̀ kò wo ìlà kẹta.

Lẹ́yìn náà ó tẹ àyà rẹ̀ kí fóònù lè dákẹ́. Fóònù kò gbọ́. Aṣọ ìtẹ́nú tó nípọn, ìránméjì, òógùn: ìka kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í já kúlẹ̀.

Kò mọ̀. Ó na máìkì sí èrò, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ kí òun lè mú ìró rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnì kí àpótí gbé àtẹ́wọ́ mì. Ohun tí àpótí gbé mì ni ìró máṣìnì tó dákẹ́ lójijì, ohùn obìnrin tó ń béèrè ọ̀rọ̀, àti ohùn ọkùnrin tó ń dáhùn. Àpótí kì í ṣe ojúsàájú. Ohun tó bá ti gbé mì ló ń pọ̀ jáde.

"Kékeré, kí lò ń fi fóònù ṣe níbẹ̀ yẹn? Mò ń wo aago ni."

"Kí lò ń fi fóònù ṣe níbẹ̀ yẹn? Mò ń wo aago ni."

Àwọn àgbà ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Ti Ojúẹsẹ̀ kò lò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ.

Èyí tó burú jù ni pé èrò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n rò pé ọgbọ́n eré ni. Wọ́n dìde, wọ́n ń jó, àwọn kan na ọwọ́ sókè wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ń bá a wí i pé mò ń wo aago ni, mò ń wo aago ni. Irọ́ tó pa fún ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ti di orin ijó. Ó ń tẹ gbogbo bọ́tìnì mẹ́rìndínlógún, kò rí èyí tó ń pa á.

Lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn gé. Bàbá Wáyà ló pa á. Ó dìde lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó gbé orí wáyà kan sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Ó ní wáyà máìkì ń kùn, òun sì ti yọ ọ́ kí òun lè pààrọ̀ rẹ̀.

"Máìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ ti kú láti ìṣẹ́jú mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mi," ó wí. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín kọ́kọ́ sọ díẹ̀díẹ̀. Ó wá kú, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, títí ó fi kan ìlà kẹta, níbi tí kò ti sí ẹ̀rín tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde. Kò gbé ohùn sókè, gbọ̀ngàn náà dára, ohùn jẹ́jẹ́ ń dé ibi gbogbo.

"Kékeré, kí ló wà nínú àpò tí mo rán?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ mọ ohun tó dáhùn? Níwájú ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, pẹ̀lú wáyà tó yọ ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní aṣọ ìnujú ni.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n dúró, kò jókòó. Ojúẹsẹ̀ wá ki ọwọ́ bọ àyà kóòtù, ó fa fóònù yọ, wáyà sì ń tẹ̀ lé e jáde bí ìfun ẹja. Òógùn ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló nílò aṣọ ìnujú ní tòótọ́, kò sì ní ọ̀kan.

Ní Sátidé, ó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ láti tọrọ gáfárà. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó gùn, ó ní àlàyé. Nọ́ọ̀sì ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú lẹ́tà olójú ìwé méjì jáde, ó tẹ́ ẹ lé táyà kan.

"Èyí ṣì dára," ó wí. "Orúkọ nìkan ni kí o yí padà."

Ojúẹsẹ̀ kà á sókè ketekete, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìṣirò, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ní mẹ́fà. Mẹ́fà yẹn dùn ún ju ọgọ́ta lọ.

Ṣùgbọ́n mo ti fo ọjọ́ Àìkú yẹn fúnra rẹ̀, bó ṣe délé. Ẹ̀gbọ́n jókòó nídìí máṣìnì, kò rán nǹkan kan. Kò bá a jà. Ó béèrè bóyá inú fóònù yẹn nìkan ni orin náà wà. Kékeré ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti pa ti inú àpótí rẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní kó pa á rẹ́.

Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n bínú sí òun bó ṣe tọ́, àmọ́ kí wọ́n fi orin náà sílẹ̀, torí kò sí orin ìyá wọn mìíràn láyé mọ́.

"Kó o tó jí i, ó wà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kò sì sí nínú fóònù nígbà náà."

Ó pa á rẹ́. Ó yí ojú fóònù sí i kó lè rí i. Ẹ̀gbọ́n wò ó dáadáa.

"Ṣé ó ṣófo?"

"Ó ṣófo, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ pẹ̀lú "mo". Ọkùnrin ọ̀ọ́kán yẹn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán.

Oṣù méje ti kọjá. Gbọ̀ngàn ńlá kò pè mí mọ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti dárí jì mí, oúnjẹ mi wà lórí tábìlì lójoojúmọ́, Kékeré ni mo ṣì ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ yàrá iwájú, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ ń wò kó tó wo ojú mi. Máṣìnì ń sáré, orin kò dé. Mo ṣì gbà pé ohùn ẹni jẹ́ ti ẹni, mo ṣì lè bá yín jiyàn lé e lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olódodo bíi tèmi gbọ́ ni pé kí ẹ wo àpò ara yín kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo tètè padà délé láti òde. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ìró ẹsẹ̀ máṣìnì ń lọ, ìró ẹsẹ̀ máṣìnì ń bọ̀, mo sì gbọ́ orin náà lábẹ́ rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń wọ omi tútù. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn.

Mo gbé e kúrò. Mo rìn lọ sí ìkóríta, mo rìn yí àdúgbò po, mo tún rìn yí i po. Mi ò mọ iye ìgbà. Mi ò wo aago.